Sẹ́ẹ̀lì Tó Kù

"Kí ló wà ní abíyá yín, Ọ̀mọ̀wé?"

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ti han lẹ́ẹ̀mejì kí Fátúròtì tó yíjú sí mi. Ó mọ̀ mí dáadáa, ọkùnrin aṣọ́nà yìí. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá wá síbí ló ń wò mí látòkè délẹ̀ bíi pé mo fẹ́ jí òrùlé gbé.

"Abíyá mi ló wà ní abíyá mi," ni mo dá a lóhùn.

"Ẹ̀rọ ní nǹkan alààyè wà níbẹ̀."

"Èmi náà ṣáà wà láàyè. Àbí mo ti kú lójú tìẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi. Ó tún han. Fátúròtì wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bó bá tún han báyìí, òfin ní kí n ní kí ẹ bọ́ bùbá yín o. Ẹ má fi mí sínú wàhálà, ẹ jọ̀ọ́. Mo níyàwó nílé."

"Èmi náà ò fẹ́ kí ìyàwó ẹ gbọ́ pé o bọ́ bùbá mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín pa á gan-an. Ó pa ẹ̀rọ náà, mo kọjá, ó sì tún un tàn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Láti àná ló ti wà lórí ìdúró. Kò sí àga lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò sì sí níbi tí òṣìṣẹ́ kankan ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ìsádi, nítorí wọ́n ní kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń wọlé lọ ni agogo ọ̀sán dún. Fátúròtì na ọwọ́ sí ihò kan lára ògiri, hóró oògùn kan tó pọ́n bí ìyeyè bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sọ ọ́ sẹ́nu láì bu omi mu. Ìforítì nìyẹn. Ẹni tó bá gbé e mì lè ru òkúta láti àárọ̀ dé àárọ̀ nínú ooru tó lè se ẹyin jinná, kó sì máa kọrin. Àwa tí à ń jókòó sídìí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá kì í lò ó. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwa ò le.

Ohun tó wà ní abíyá mi ni àwo mẹ́ta tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Mo fi aṣọ rírọ̀ dì wọ́n mọ́ra, torí ohun tó wà nínú wọn kò gbọdọ̀ kúrò nínú ooru ara pẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi ni. Bíńtín awọ ẹ̀yìn etí rẹ̀ ni mo gé, tí mo fi oúnjẹ tàn títí wọ́n fi gbàgbé pé awọ ni àwọn, tí wọ́n sì di sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Wọ́n ń lù. Bí èèyàn bá fojú sí awò, á rí i tí wọ́n ń lù kì, kì, kì. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń léni kúrò lórí òkè yìí sì nìyẹn, pé kéèyàn fi ohunkóhun bọ inú sẹ́ẹ̀lì ọmọ èèyàn nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ọ̀mọ̀wé Lógunlékò ti ń dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun náà sì ni Ìgbìmọ̀ Orí Òkè fi ṣe Onímọ̀ Àgbà, tó ń sọ fún wọn ohun tí oògùn ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe. Gíláàsì ìtẹ̀ka wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Má wulẹ̀ kí mi. Dìde. Tẹ ìka ẹ síbí, ká máa lọ sílé."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"'A kò rí nǹkan kan.' Irọ́ kọ́ sì ni. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹn-hẹ́n."

"Olóólà wo ló ń kọlà fún òkú, ọ̀gá?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀pá ara rẹ̀ lù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, òun ló sọ àwọn ẹ́ńsáìmù kan, òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ní olóólà. Nǹkan kékeré kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo wa tí ìwé ń pè ní yubíkítìn. Ọ̀gá mi ní ilà ni ká máa pè é. Purotíìnì, èròjà tí ara fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí olóólà bá ti kọ ilà fún nínú wọn, ó ti tán fún un, ọ̀dọ̀ ọlọ ló ń lọ. Ọlọ inú sẹ́ẹ̀lì á lọ̀ ọ́ kúnná, bí ara ṣe ń palẹ̀ ohun tó ti gbó mọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí Ìforítì ń ṣe ni pé ó ń fa olóólà kan lọ́wọ́ lọ bá purotíìnì tó ń sọ fún ara pé ó tó gẹ́ẹ́, lọ sinmi. Olóólà á kọlà fún un, ọlọ á lọ̀ ọ́, ara ò sì ní gbọ́ ìròyìn yẹn mọ́.

Ohun tí mo ń pariwo láti ọjọ́ yìí wá ni pé ibẹ̀ nìkan kọ́ ni oògùn yẹn ń fà á lọ. Nínú ọkàn, ó ń fà á lọ bá purotíìnì mìíràn, èyí tó ń jẹ́ kí ọkàn máa lù déédéé. Ṣùgbọ́n bí o bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí Ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́, olóólà á tú ọwọ́ sílẹ̀, o ó sì bá a tó káwọ́ gbera bí aláìṣẹ̀. Ìdí tí mo fi ṣe ìwọ̀ mi nìyẹn. Ó kéré tó láti gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé láì ya á. Ó múra bí ilà. Olóólà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á na ọwọ́ gbà á, ìwọ̀ á kọ́ ọ lọ́wọ́, kò ní lè jù ú nù mọ́, fìtílà kékeré tó wà nídìí rẹ̀ á sì tàn. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní fọwọ́ kàn án rárá.

"Jadésọlá, gbọ́ mi," ni ọ̀gá mi wí. "Lónìí ni wọ́n fẹ́ sọ hóró kan di méjì fún àwọn tó ń mọ ògiri omi. O mọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn."

"Bó o bá gbé ohun tó wà lára ẹ yẹn jáde, wọ́n á lé ẹ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á lé ẹ̀gbọ́n ẹ náà, torí ẹbí kan ni yín. Ṣé o ti rí ẹni tó ti Ìsàlẹ̀ padà wá rí?"

"Rárá."

"Kò sí i ni."

"Ọ̀gá, ní Ìsàlẹ̀, béèyàn bá rí ibòji, ó ṣeé ṣe kó yè é. Hóró méjì lójúmọ́ ńkọ́? Ibòji wo lẹ fẹ́ wá fún ìyẹn?"

Ó tún na gíláàsì yẹn sí mi. Mi ò ní parọ́, ìka mi gbóná láti tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ràn yàrá iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ràn ibùsùn mi tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n Mọ́ṣebọ́látán ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Nígbà tí omi gbé ilé wa lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà tó fi gun òkè yìí, òun fúnra rẹ̀ ò sì tíì tó ẹni tí wọ́n ń pè lágbà nígbà náà. Bí mo bá tẹ̀ka, yóò máa ru òkúta rẹ̀ lọ, yóò máa kọrin, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi dákẹ́ láàárín orin lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì ní ooru ló pa á. Ìbínú gùn mí débi tí ojú mi ṣú.

Mo ti gíláàsì náà padà sí i láyà jẹ́jẹ́. "Ẹ dì í mú dáadáa, ọ̀gá. Kó má lọ fọ́."

Gbọ̀ngàn tutù bí inú kòtò omi. Olóyè Adéríyìkẹ́ ló jókòó láàárín, ìyá àgbà tó ti ń darí òkè yìí kí n tó mọ ìwé kà, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó kù sì jókòó lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, wọ́n ń mi orí nígbà tó bá mi orí. Ọ̀gá mi lọ jókòó sí àyè Onímọ̀ Àgbà. Lẹ́yìn pátápátá ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ dúró sí, eruku òkúta funfun lórí wọn. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn. Kò rẹ́rìn-ín sí mi, ó kàn ń wò mí.

"Jadésọlá Akíndùró," ni Olóyè wí. "Wọ́n ní o lẹ́rìí."

"Mo ní i, Olóyè."

"O mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí. Fi ẹnu ara ẹ ka òfin tó kan ọ̀rọ̀ ẹ, kó o má baà sọ lọ́la pé o ò mọ̀ ọ́n. Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ á kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Bí agogo bá dún tẹ́nikẹ́ni ò takò ó, bó o ṣe kà á yẹn ni yóò jẹ́ fún gbogbo ìjókòó yìí, òun ló sì máa dè ẹ́. Ó yá, kà á."

Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ ni ẹ̀rọ rọ́bọ́ọ̀tì tó so rọ̀ sókè orí wa. Etí rẹ̀ mú ju ti ajá lọ. Kò sí ohùn tó gòkè tàbí tó wálẹ̀ tí kì í gbọ́, kò sì sí èyí tí kì í fi àmì sí lórí. Òfin tó tàn sójú ògiri kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ń sá fún omi ni, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé gun òkè kò sì níbi téèyàn ti lè rí àmì fi sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣì wà:

NIGBA TI A BA DAN OOGUN WO, SEELI TO KU NI KI A YE WO.

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti ka gbólóhùn yẹn láyé mi. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á, ẹlòmíràn ló kọ́ òun náà: sẹ́ẹ̀lì tó kú. Gbogbo wa là ń gbé ohùn sókè níbẹ̀, tí à ń lọ fọ́ sẹ́ẹ̀lì ká tó wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, bóyá nítorí pé inú ń bí mi, mo tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà. TO KU. Kò sí nǹkan kan lórí U yẹn. Kò sóhun tó ní kí n gbé ohùn mi sókè. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, àbí òmùgọ̀ ni wọ́n? Béèyàn bá dán oògùn wò, àwọn kan á kú, àwọn kan á ṣẹ́ kù, ara èyí tó ṣẹ́ kù lo ti máa mọ ohun tí oògùn ń ṣe.

Mo la ẹnu mi, mo sì jẹ́ kí ohùn mi wálẹ̀.

"Nígbà tí a bá dán oògùn wò, sẹ́ẹ̀lì tó kù ni kí a yẹ̀ wò."

Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ti àtijọ́, àmì kékeré yẹn sì dá yàtọ̀ lórí U, ó dẹ̀ sápá òsì. Ariwo sọ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wo ojú Olóyè kí wọ́n lè mọ irú ojú tí àwọn náà máa ṣe.

"Kí lo kà?" ni Olóyè béèrè.

"Ohun tó wà lára ògiri ni, Olóyè."

"Tó kú ló wà lára ògiri!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì rẹ̀ hàn mí."

Olóyè yíjú kíákíá. "Ọ̀mọ̀wé Lógunlékò! Òfin sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin nìkan lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti takò ó. Ẹ takò ó kí agogo tó dún!"

Ọ̀gá mi dìde. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó tún wo ògiri. Ọkàn mi ń lù débi pé mo rò pé ó máa jí àwọn tó wà ní abíyá mi. Mo mọ ọkùnrin yìí. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ayé mi bàjẹ́, kí tirẹ̀ sì máa dùn lọ.

"Kí n takò kí ni, Olóyè?" ló béèrè.

"Kí ẹ sọ pé tó kú ni!"

"Mo ń wo U yẹn. Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ lóòótọ́."

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kà á bẹ́ẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olóyè. Ọgbọ̀n ọdún ni mi ò fi wò ó."

Agogo dún. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá mi jókòó, ó ń nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Mi ò dúró kí wọ́n ronú. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá mi níwájú gbogbo wọn, mo tú aṣọ rírọ̀ yẹn, mo sì to àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ awò tó ń gbé nǹkan kékeré sí ara ògiri.

"Sẹ́ẹ̀lì ẹnìkan náà ló wà nínú wọn," ni mo wí. "Àkọ́kọ́ rèé, mo ti fún un ní Ìforítì, bíi hóró méjì. Èmi á fọ́ ọ báyìí, bí ẹ ti máa ń fẹ́." Mo yọ abẹ́rẹ́ àti ìgò ìwọ̀ mi lápò, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ fọ́ ọ, mo kán ìwọ̀ sí i. Ara ògiri ṣókùnkùn, kò sí nǹkan kan. Olóyè gbé àgbọ̀n sókè.

"Ìkejì rèé. Ààyè ni. Mi ò fún un ní oògùn kankan." Mo kán ìwọ̀ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà hàn lára ògiri, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń lù kì, kì, kì, iná kò sì tàn nínú wọn. Mo gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mí. Wọn ò tíì rí ọkàn tó ń lù rí.

"Ìkẹta náà, ààyè ni. Ó ti gba hóró méjì tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn."

Mo kán ìwọ̀ sí i. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan, òógùn sì bò mí nínú òtútù yẹn. Lẹ́yìn náà ni iná kan tàn, aláwọ̀ ewé, kékeré báyìí. Òmíràn tàn. Kí n tó pa ojú dé kí n sì là á, gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì náà ti kún fún iná, gbogbo olóólà inú wọn ló ń ṣiṣẹ́ àṣekára níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn sí. Ìlù yẹn sì ń falẹ̀. Kì. Kì. Ó pẹ́. Kì. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dákẹ́.

Mo ti rí i nínú yàrá iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n lára. Omijé bọ́ lójú mi síbẹ̀, mi ò sì nù ún.

"Ọkàn ta nìyí?" ni Olóyè béèrè. Ohùn rẹ̀ ti relẹ̀ díẹ̀.

Orúkọ yẹn, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

"Tèmi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láti ẹ̀yìn.

"Orúkọ?"

"Mọ́ṣebọ́látán Akíndùró. Ògiri omi apá ìwọ̀-oòrùn ni mo wà."

Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ kọ ọ́: ẹlẹ́rìí kejì. Olóyè fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sì tún ṣí i. Ó jọ ẹni tí àánú fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ pé ó ti kọjá ibẹ̀.

"Mo ti rí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé mi ò rí i. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀, Jadésọlá. Bí ògiri ò bá parí kó tó dé, gbogbo omi ló máa ṣàn lọ sí Ìsàlẹ̀, kí ni ìlú yìí fẹ́ mu títí di ọdún tó ń bọ̀? Bọ́tìnnì kan lo fi hàn mí. Gbogbo òkè ló wà lọ́rùn mi. Hóró méjì yóò bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ìjókòó yìí bá parí, ẹ̀yin méjèèjì sì máa gbọ́ ìdájọ́ yín lẹ́yìn náà."

"A ti ka òfin, Olóyè!" Mi ò mọ̀ pé mo ti ń pariwo. "Ó ní ká yẹ̀ ẹ́ wò, a ti yẹ̀ ẹ́ wò!"

"Òfin ní ká yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sọ pé ká gbọ́ tiẹ̀." Ó gbé ọwọ́ sókè láti pa ìjókòó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀. Ó la àárín àwọn èèyàn kọjá, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ́nà kan tí mi ò rí i kó máa gbà rìn láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ ògiri. Nígbà tó dé àárín gbọ̀ngàn, tó dé iwájú Olóyè gan-an, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó sì jókòó. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn.

"Kí lo jókòó fún?" ni Olóyè béèrè.

"Ó rẹ̀ mí."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn lójú. Èmi gan-an, mi ò tètè mọ ohun tí mo gbọ́.

"Mi ò lo hóró àná," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò lo tòní náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà lára mi. Ó wà. Ó rẹ̀ mí, Olóyè."

Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ dún tín-ín lókè. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹlẹ́rìí kejì, ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ."

"Ó rẹ̀ mí."

"Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. 'Rẹ̀' tí mo mọ̀ ni ti 'ilé rẹ̀' àti 'ọmọ rẹ̀'. Kí ni 'ó rẹ̀ mí'?"

Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Mo rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é, wọ́n fi ijó àti ayọ̀ kéde rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní Òkè Ìsádi, à ń pàtẹ́wọ́ bí ọ̀dẹ̀.

"Fo ìyẹn," ni Olóyè sọ fún ẹ̀rọ. "Pa ìjókòó dé."

"Mi ò lè pa ìjókòó dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan wà tí n kò tíì kọ. Olórí ìjókòó ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun. Olóyè, ẹ jọ̀wọ́, kí ni 'ó rẹ̀ mí'?"

Olóyè Adéríyìkẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà, ìyá àgbà ni, ó ti kọ́ ilé, ó ti bímọ, ó ti gbé omi rí kí Ìforítì tó dé. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Bó bá túmọ̀ rẹ̀, á jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn yẹn ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ á sì máa rántí rẹ̀ lọ. Bí kò bá sì túmọ̀ rẹ̀, ìjókòó kò ní parí, hóró méjì kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀gá mi gbé ojú lé àjà, àmọ́ mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ṣọ́!" ni Olóyè wí. "Ẹ gbé e dìde!"

Fátúròtì wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀, ó wo Olóyè. "Olóyè, ẹ̀rọ ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Òfin ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Ó sì padà sẹ́yìn.

Mo lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀ tútù yẹn. Eruku òkúta ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bí igi. Kò sí ìgbà tí mo tíì wo ọwọ́ yẹn dáadáa.

"Jadé," ló sọ sí mi létí, "ṣé báyìí náà ló ṣe máa ń rí ni? Mo ti gbàgbé."

"Báyìí ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dùn díẹ̀, àbí?"

"Ẹ fẹ̀yìn tì mí."

Ó fẹ̀yìn tì mí. Orí rẹ̀ wúwo lórí èjìká mi, èémí rẹ̀ gùn, ó sì tún gùn sí i. Agbọ̀rọ̀sílẹ̀ tún dún, ó tún béèrè lọ́wọ́ Olóyè ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Olóyè lu tábìlì, ó dìde, ó kígbe pé kí ẹlẹ́rìí kejì dá òun lóhùn.

Mo wò ó lójú.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Olóyè," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn."